Mo pààrọ̀ pírósẹ́sọ̀ kọ̀ǹpútà, mẹ́mórì 8GB mi di 4GB: níbo ni ìdajì yòókù wọlé sí?

Alátẹ̀wé Àgbowó | Ajé, 7:52 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni mo ní ní Àgbowó, ọ̀kánkán Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ mọ irú àsìkò tí a wà yìí: àwọn ọmọ tó fẹ́ fi prójẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ti máa ń tò sẹ́nu ọ̀nà kí n tó ṣílẹ̀kùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò dá, iná dé. Ó kàn dé tagbára-tagbára ni. Gílóòbù méjì bẹ́, kọ̀ǹpútà ńlá tí mo fi ń jẹun sì dákẹ́. Ẹnjiníà tó wá wò ó pààrọ̀ power pack, kò jí. Ó yọ pírósẹ́sọ̀ rẹ̀, ọpọlọ tó ń ṣe ìṣirò fún ẹ̀rọ, ó lọ dán an wò nínú ẹ̀rọ mìíràn, kò jí níbẹ̀ náà. Ó ní òun gan-an ló kú. i5-2400 ni. A lọ ra i5-3470 tòkunbọ̀ ní Queen Cinema, ó fi sí i, ẹ̀rọ dìde. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Ijó ò tíì tán lẹ́sẹ̀ mi tí mo rí ohun tí mo rí. Mẹ́mórì méjì, pátákó pẹlẹbẹ tí ẹ̀rọ ń gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lé, ló wà nínú rẹ̀, 4GB àti 4GB, irú tí wọ́n ń pè ní DDR3. Tẹ́lẹ̀, 8GB ni Windows máa ń kọ. Ní báyìí, 4.00GB ló ń kọ, ó ní 3.89 péré ni òun lè lò. Bí mo bá ṣí Word mẹ́ta pẹ̀lú Chrome, á dì gbagidi. Lẹ́ẹ̀mejì lánàá ni ojú rẹ̀ di búlúù tó kọ MEMORY_MANAGEMENT. Ẹnjiníà ní kí n lọ ra mẹ́mórì tuntun méjì. Owó pírósẹ́sọ̀ ò tíì wọlé padà o. Ṣé kí n rà á ni àbí kí n ní sùúrù?

Àgbà Tòkunbọ̀ | Ajé, 8:15 àárọ̀

Àǹtí, ẹ rà á. Iná tó pa pírósẹ́sọ̀, ṣé mẹ́mórì ló máa ṣàánú? DDR3 ò wọ́n púpọ̀. Ẹ má jẹ́ kí oníbàárà sá.

ỌmọMọ́kọ́lá | Ajé, 8:31 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ má tíì náwó. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá Windows 32-bit ni wọ́n fi sí i nígbà tí wọ́n ń tún un ṣe, torí ìyẹn ò ní kọjá 4GB, kódà kí ẹ kó 16 sínú ẹ̀rọ. Ẹ tún tẹ msconfig, ẹ wọ Boot, ẹ wọ Advanced options. Bí ẹnìkan bá ti mààkì Maximum memory níbẹ̀, ẹ yọ ọ́. Lẹ́yìn náà ẹ wọ inú BIOS, ètò tó ń jí ṣáájú Windows, kí ẹ sọ iye tó kọ fún wa.

0.11 tó yọ kúrò nínú 4.00 yẹn, ẹ má bá a jà. Ẹ̀rọ yín ò ní káàdì fídíò tirẹ̀, inú mẹ́mórì ló ti ń yá a lò.

Alátẹ̀wé Àgbowó | Ajé, 9:05 àárọ̀

64-bit ni. Kò sí mààkì kankan ní msconfig. BIOS kọ 4096MB, 4GB náà ni. Ṣé pé Windows ò mọwọ́mẹsẹ̀ nìyẹn?

ỌmọMọ́kọ́lá | Ajé, 9:11 àárọ̀

Kò mọwọ́mẹsẹ̀ mà. Kí òun tó jí ni ìdajì ti sọnù.

Ẹni Àtijọ́ | Ajé, 9:40 àárọ̀

Bọ́ọ̀dù yẹn, pátákó ńlá tí gbogbo nǹkan jókòó lé, ti lọ nìyẹn. Chip kan wà láàárín bọ́ọ̀dù, òun ló ń darí mẹ́mórì, pírósẹ́sọ̀ ò sí níbẹ̀ rárá. Iná ti jó apá kan rẹ̀. Ẹ lọ wá bọ́ọ̀dù mìíràn, kí ẹ má wulẹ̀ máa ra mẹ́mórì kiri.

Bàbá Bọ́ọ̀dù | Ajé, 10:20 àárọ̀

Ẹni Àtijọ́, o ò purọ́, ayé ló yí. Láyé Pentium 4 àti Core 2 Duo, nígbà tí pírósẹ́sọ̀ ń jókòó sórí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ LGA775, orí bọ́ọ̀dù ni ọ̀gá mẹ́mórì ń gbé lóòótọ́. AMD kó o wọ inú pírósẹ́sọ̀ pẹ̀lú Athlon 64 ní 2003. Intel ṣe tirẹ̀ ní 2008, nígbà tí Core i7 àkọ́kọ́ jáde. Sọ́kẹ́ẹ̀tì LGA1155 tí àǹtí ń lò yìí, 2011 ló dé. Wáyà tó jáde láti ihò mẹ́mórì, abẹ́ pírósẹ́sọ̀ ló ń lọ tààrà, kò yà sílé ẹnì kankan lọ́nà.

Torí náà, bí ẹnìkan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé pírósẹ́sọ̀ sọ̀kalẹ̀ tó sì gbé òmíràn gorí, tí mẹ́mórì wá dín, abẹ́ pírósẹ́sọ̀ ni kó wò kó tó wo àpò.

Àǹtí, ẹ jẹ́ ká fi ojú rí i, ká má méfò. Ẹ sàmì sí mẹ́mórì méjèèjì kí wọ́n má bàa dàrú mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ wáyà iná rẹ̀ pátápátá, ẹ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí iná inú rẹ̀ gbẹ. Ẹ fi ọwọ́ kan ara irin àpótí rẹ̀. Ẹ wá máa fi mẹ́mórì kan ṣoṣo dán ihò kọ̀ọ̀kan wò. Èyí tó sún mọ́ pírósẹ́sọ̀ jùlọ ni ẹ pè ní ihò 1. Ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ kọ, kí ẹ má kọ ohun tí ẹ rò.

Bí ẹ bá yọ wọ́n, ẹ fi kílínà tí àwọn ọmọ fi ń pa pẹ́nsù rẹ́ nu ẹsẹ̀ wúrà wọn jẹ́jẹ́, ẹ fẹ́ ẹ, kí ìdọ̀tí rẹ̀ má ṣẹ́kù síbẹ̀.

Alátẹ̀wé Àgbowó | Ajé, 1:48 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Mo kun ọ̀kan ní kútẹ́ẹ̀sì, mo kun èkejì ní Tipp-Ex. Pupa àti Funfun ni mo ń pè wọ́n. Kó tó di àkókò yìí, Pupa ló wà ní ihò 1, Funfun wà ní ihò 3.

Pupa nìkan ní ihò 1: ó jí, 4GB, ó dì kí n tó tẹ ojú ìwé kan tán.
Pupa ní ihò 2: bákan náà.
Funfun ní ihò 1: ó jí, 4GB, ó ń lọ geere. Mo lò ó fún wákàtí kan, mo tẹ ìwé ọmọ kan láti orí kìíní dé orí ìkẹta.
Funfun ní ihò 2: ó ń lọ geere.
Pupa ní ihò 3 àti 4: ojú dúdú, ó ń ké pí-pí-pí.
Funfun ní ihò 3 àti 4: ojú dúdú, ó ń ké bí ti Pupa.

Àgbà Tòkunbọ̀ | Ajé, 2:02 ọ̀sán

Mo sọ ọ́! Pupa ti kú. Ẹ lọ rà á.

Òjò Ìbàdàn | Ajé, 2:04 ọ̀sán

Bàbá yìí ń gba kọmíṣọ́nnù ní Queen Cinema ni?

Bàbá Bọ́ọ̀dù | Ajé, 2:37 ọ̀sán

Àgbà, Pupa ń ṣàìsàn, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ tún ohun tí àǹtí kọ kà. Funfun ara rẹ̀ le koko, síbẹ̀ ihò 3 àti 4 ò mọ̀ ọ́n. Bí àǹtí bá ra Pupa tuntun lónìí, 4GB náà ni wọ́n máa rí. Àrùn méjì ló wà nínú ilé yìí, wọ́n sì ń bo ara wọn mọ́lẹ̀. Èyí tó ń dì jẹ́ ti Pupa. Èyí tí kò jẹ́ kí 8 pé, ibòmíràn ló ti wá.

Ẹ tún wo ihò tó kọ̀: 3 àti 4, méjèèjì pọ̀. Ihò méjì kì í ṣàdédé kú papọ̀. Ọ̀nà méjì ni pírósẹ́sọ̀ yìí fi ń bá mẹ́mórì sọ̀rọ̀. Lórí irú bọ́ọ̀dù yìí, ihò 1 àti 2 wà lójú ọ̀nà kan, 3 àti 4 wà lójú ọ̀nà kejì. Ọ̀nà kejì ló dí. Kò kan ihò.

Àǹtí, ìbéèrè kan: ṣé ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí ẹnjiníà ń fi pírósẹ́sọ̀ sí i? Báwo ló ṣe ṣe é?

Alátẹ̀wé Àgbowó | Ajé, 3:15 ọ̀sán

Mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo bá a di tọ́ọ̀ṣì fóònù mú torí kò síná. Ó gbé pírósẹ́sọ̀ sáàárín ìka méjì, ó fẹ́ gbé e kalẹ̀, ó yọ̀ ọ́ lọ́wọ́, igun rẹ̀ kan ló kọ́kọ́ kanlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní “kò sewu”, ó tún un gbé. Ó fi aṣọ pélébé kan nu abẹ́ fáànù, ó fún paste tó ń gbé ooru lọ sí fáànù sí i bí ẹni ń fún ọṣẹ ìfọyín. Ó wá gbé fáànù lé e, síkúrù mẹ́rin ni. Ó di ọ̀kan pinpin kó tó bọ́ sórí èkejì.

Bàbá Bọ́ọ̀dù | Ajé, 3:29 ọ̀sán

Háà. “Kò sewu.”

ỌmọMọ́kọ́lá | Ajé, 3:50 ọ̀sán

Bàbá, ṣé síkúrù lásán lè pa mẹ́mórì ni?

Bàbá Bọ́ọ̀dù | Ajé, 4:26 ìrọ̀lẹ́

Ó lè ṣe é o, ọmọ mi. Lórí LGA, kò sí ẹsẹ̀ lábẹ́ pírósẹ́sọ̀. Bọ́ọ̀dù ló ní ẹsẹ̀. 1155 ni iye wọn, orúkọ rẹ̀ kúkú nìyẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn rọ̀ bí irun. Ṣe ni pírósẹ́sọ̀ kàn ń fẹ̀yìn tì wọ́n. Bí o bá di igun kan pa tí igun kejì ṣì dẹ̀, pírósẹ́sọ̀ lè gbé díẹ̀ kúrò lórí àwọn kan. Bí ó bá jẹ́ àwọn tó ń gbé mẹ́mórì ni, ọ̀nà kan á pòórá, ìyókù ẹ̀rọ á sì máa ṣiṣẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń ra mẹ́mórì lórí mẹ́mórì.

Àǹtí, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ yọ bátìrì róbótó orí bọ́ọ̀dù, CR2032 ló ń jẹ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí BIOS gbàgbé pírósẹ́sọ̀ àtijọ́. Ẹ wá tú síkúrù fáànù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin díẹ̀díẹ̀. Ẹ tún wọn dì: yí èyí lẹ́ẹ̀kan, kọjá sí èyí tó dojú kọ ọ́ ní ìdábùú, yí òun náà lẹ́ẹ̀kan, títí gbogbo wọn á fi dúró dọ́gba. Ẹ dán ihò 3 wò.

Alátẹ̀wé Àgbowó | Ajé, 8:40 alẹ́

Mo ṣe méjèèjì. Aago ẹ̀rọ ti padà sẹ́yìn di ọdún mìíràn, ṣùgbọ́n ihò 3 ṣì ń ké. Mo ti rẹ̀ o. Ọ̀la.

Bàbá Bọ́ọ̀dù | Ajé, 9:02 alẹ́

Ẹ sinmi. Lọ́la, ẹ yọ fáànù, ẹ ṣí sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé pírósẹ́sọ̀ sókè tààrà, ẹ má fà á. Ẹ má fi ọwọ́, aṣọ tàbí òwú kan àwọn ẹsẹ̀ yẹn láé. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, kó má ṣe láti òkè, kí ẹ fi fóònù yà á ní fọ́tò, kí ẹ wá fẹ̀ ẹ́.

Alátẹ̀wé Àgbowó | Ìṣẹ́gun, 10:33 àárọ̀

Mo rí i!! Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n.

Bí mo ṣe tan iná láti ẹ̀gbẹ́, gbogbo wọn ń dán sí apá kan náà, bí ewé àgbàdo tí atẹ́gùn kan ń dà sí ibì kan. Nítòsí etí, apá tó kọjú sí ihò mẹ́mórì, mo rí ojú dúdú kan láàárín wọn. Mo fẹ fọ́tò náà. Ẹsẹ̀ kan ti wó lé èkejì rẹ̀ lórí, bí ọmọ tó sùn lé èjìká ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú mọ́tò. Kò tán síbẹ̀ o: òwú tín-ín-rín kan ká mọ́ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Aṣọ pélébé ọjọ́ yẹn nìyẹn.

Ṣé kí n fi abẹ́rẹ́ tún un ṣe?

Àgbà Tòkunbọ̀ | Ìṣẹ́gun, 10:41 àárọ̀

Àǹtí, mo tọrọ gáfárà. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ kàn án.

Bàbá Bọ́ọ̀dù | Ìṣẹ́gun, 10:58 àárọ̀

Ẹ gbọ́ ti Àgbà. Ẹsẹ̀ yẹn lè gba kí a tẹ̀ ẹ́ padà lẹ́ẹ̀kan, bóyá lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn ìyẹn ó kán nìyẹn, bọ́ọ̀dù á sì tẹ̀lé e. Ẹni tó ń tún bọ́ọ̀dù fóònù ṣe ni kí ẹ gbé e lọ bá, irú àwọn tó ní maikirosíkópù lórí tábìlì. Wọ́n pọ̀ ní Ìwó Road. Ohun tí wọ́n ń fojú rí lójoojúmọ́ kéré ju èyí lọ. Ẹ bò sọ́kẹ́ẹ̀tì náà kí ẹ tó gbé e jáde, eruku Ìbàdàn ò mọ ẹni tó ní prójẹ́ẹ̀tì.

Ẹni Àtijọ́ | Ìṣẹ́gun, 11:20 àárọ̀

Tiwa láyé sọ́kẹ́ẹ̀tì 478, ara pírósẹ́sọ̀ lẹsẹ̀ wà, bí ó bá tẹ̀, báńkì káàdì la fi ń tún un nà. Mo dákẹ́ ná, mo ń kọ́ ẹ̀kọ́.

Alátẹ̀wé Àgbowó | Ìṣẹ́gun, 5:17 ìrọ̀lẹ́

Mo ti Ìwó Road dé. Mo ro pé ọmọ yẹn máa lé mi, torí fóònù ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó kàn gbé bọ́ọ̀dù sábẹ́ maikirosíkópù, ó ní “màmá, ẹ wá wò ó.” Mo wò ó, ẹsẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ yẹn tóbi bí ṣíbí! Ó fi ẹ̀mú yọ òwú yẹn, ó gbé èyí tó wó dìde, ó sinmi, ó tún gbé e díẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ní kí n fún òun lówó mílíìkì tútù. Mo fún un ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo délé, mo fi paste tó tó horo ìrẹsì kan, mo di síkúrù ní ìdábùú. Funfun sí ihò 3: Ó JÍ. Pupa sí ihò 1 pẹ̀lú rẹ̀: 8192MB, 8GB pé!!!

Òjò Ìbàdàn | Ìṣẹ́gun, 5:19 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú oríire! Ẹ lu ìlù!

ỌmọMọ́kọ́lá | Ìṣẹ́gun, 5:30 ìrọ̀lẹ́

A bá yín yọ̀ mà. Ṣùgbọ́n Pupa ṣì wà níbẹ̀ o. Ẹ fi Memtest86+ sórí fláàṣì, ọ̀fẹ́ ni, fláàṣì yẹn ni ẹ máa fi tan ẹ̀rọ dípò Windows. Á máa kọ nǹkan sínú mẹ́mórì, á máa kà á padà, èyí tí kò bá bára mu á yọ pupa. Ẹ fi Pupa nìkan dán an ní ihò 1, kí ẹ tún gbé e sí ihò 3. Bí àṣìṣe bá tẹ̀lé e lọ síbi méjèèjì, òun ló jẹ̀bi. Bí ó bá jẹ́ ihò 3 nìkan ló ti ń ṣe é, ẹ padà sí Ìwó Road.

Alátẹ̀wé Àgbowó | Ọjọ́rú, 6:45 àárọ̀

Ihò 1: kò pẹ́ rárá tí ìlà pupa fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wá. Ihò 3: bákan náà, kódà nọ́ńbà ibi tó ti ń ṣàṣìṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Mo wá fi Funfun sí i ní ihò 3 kí n tó sùn. Wọ́n mú iná lọ lóru, mo tún un bẹ̀rẹ̀ lórí jẹnẹrétọ̀ ní aago mẹ́rin. Ó yí i po tán, òdo ni àṣìṣe. Pupa ló jẹ̀bi. Àgbà, ẹ jàre ìdajì.

Àgbà Tòkunbọ̀ | Ọjọ́rú, 7:03 àárọ̀

Ìdajì náà tó mi jẹ.

ỌmọMọ́kọ́lá | Ọjọ́rú, 7:20 àárọ̀

Bí ẹ bá ń lọ rà á, ẹ wo lẹ́tà tó kẹ́yìn lára ìwé rẹ̀. PC3-10600U tàbí PC3-12800U ni tiyín. S jẹ́ ti láptọ́ọ̀pù, ó kúrú, kò lè wọ ihò yín. R ni kí ẹ sá fún: mẹ́mórì sáfà, kọ̀ǹpútà ńlá iléeṣẹ́, ni, gígùn rẹ̀ bá tiyín mu, á wọ ihò, ẹ̀rọ yín ò sì ní gbà á. Wọ́n máa ń dín owó rẹ̀ torí kò sẹ́ni tó ń rà á. Bí ti Funfun bá jẹ́ 10600 tí tuntun jẹ́ 12800, kò burú, méjèèjì á jọ máa sá eré 1333.

Alátẹ̀wé Àgbowó | Ọjọ́rú, 2:26 ọ̀sán

Ọmọ yìí, Ọlọ́run á bù kún ẹ! R gan-an ni ọkùnrin yẹn kọ́kọ́ gbé lé mi lọ́wọ́. Mo ní “èyí ti sáfà ni.” Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní “kò síyàtọ̀, màmá, gbogbo ẹ̀ náà ni DDR3.” Mo ní kó fi sí kọ̀ǹpútà orí tábìlì rẹ̀ kí n rí i. Ló bá rántí pé òun ní U nínú dúrọ́ọ̀.

Òjò Ìbàdàn | Ọjọ́rú, 2:31 ọ̀sán

Ìbàdàn, níbi olè gbé ń jàre olóhun!

Bàbá Bọ́ọ̀dù | Ọjọ́rú, 3:10 ọ̀sán

Ẹ fi tuntun náà sí Memtest kí ẹ tó tẹ ìwé ẹnikẹ́ni. Ẹ sì ra UPS pẹ̀lú sitabiláísà, òjò ṣì ń bọ̀.

Alátẹ̀wé Àgbowó | Ọjọ́bọ̀, 4:55 ìrọ̀lẹ́

Òdo àṣìṣe. 8GB. Láti àárọ̀, ọmọ mẹ́rin ti gba ìwé wọn, ọ̀kan nínú wọn ní àtẹ àwòrán tó tó ogójì, ẹ̀rọ ò mira. Sitabiláísà ti wà nílẹ̀, UPS di oṣù tó ń bọ̀. Ẹnjiníà àkọ́kọ́ pè mí, ó bi mí bóyá mo ti ra mẹ́mórì méjèèjì. Mo ní mo ra ọ̀kan.

Òjò Ìbàdàn | Ọjọ́bọ̀, 5:01 ìrọ̀lẹ́

Pupa ńkọ́? Ẹ má gbé e fún ẹni tó máa tà á fún ẹlòmíràn o.

Alátẹ̀wé Àgbowó | Ọjọ́bọ̀, 5:08 ìrọ̀lẹ́

Mo ti so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ó kúkú ti ní ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́.